Ta Ló Ń Wo Píà Mi?

Ẹ bá mi gbọ́ o. Mo ra igi píà kan n'Ìbàdàn, mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé ilé tí a rẹ́ǹtì, ó kù díẹ̀ kójò dáwọ́ dúró nígbà yẹn. Ẹni tó tà á ní grafted ni, ìyẹn èyí tí wọ́n lẹ ẹ̀ka igi tó ti ń so mọ́, pé kò ní pẹ́ kó tó so bíi èyí tí wọ́n fi kóró gbìn. Ó múlẹ̀ dáadáa, ó yọ ewé tuntun, mo ń fi yangàn kiri, àfi bí ọyẹ́ ṣe dé tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ṣóńṣó ewé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, ó wá ń tẹ̀lé etí ewé lọ lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ àárín ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó ló sì kọ́kọ́ ń ṣe. Kò sí ihò, kò sí kòkòrò.

Ilé wa wá kún fún dókítà. Màmá Ṣadé ní ebi ló ń pa á, kí n lọ wá ìgbẹ́ adìẹ. Mo ní Màmá, tó bá jẹ́ ebi, odindi ewé ló sábà máa ń pọ́n, kì í ṣe etí nìkan. Bọ̀dá Múkáílà ní omi ló pọ̀ jù, nínú ọyẹ́ tí ilẹ̀ ń sán o! Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ní tiwọn ní ayé ni, pé ẹnìkan ń wo igi yẹn. Múkáílà ní, "Bàbá, igi tó wá láti Mẹ́síkò, kí ló kan àjẹ́ Ìbàdàn níbẹ̀?" Bàbá ní ṣebí wọ́n ń fò.

Ni Múkáílà bá ní ká ṣọ́ ọ lóru, bó bá jẹ́ kòkòrò bó bá jẹ́ èèyàn, a ó rí i. A lọ lúgọ sẹ́yìn táńkì omi tàwa ti tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀fọn jẹ wá débi tó dára, ọ̀gbẹ́ni tó ní ká wá ṣọ́ ọ sì ń hanrun. Ó ń lọ bí aago 5 ìdájí, ilẹ̀kùn dún, nǹkan funfun kan yọ. Múkáílà ta jí, ó rí i, ó fẹ̀yìn rìn, ó di gbìì sínú báàfù tí Màmá Ṣadé rẹ aṣọ sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé etí ẹni tó ń bọ̀ ò gbọ́ràn mọ́.

Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ni, nínú aṣọ ìbora funfun, tàwọn ti kọ́ọ̀bù. Eyín ló ń dùn wọ́n, omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń yọ ẹnu. Wọ́n gbójú sókè, gúrúgúrúgúrú, pù! Ìdí píà mi. Gúrúgúrú, pù! Èyí tó ṣẹ́ kù nínú kọ́ọ̀bù, wọ́n dà á síbẹ̀ pátá. Wọ́n wá gbọ́wọ́ lé igi: "Olúwa, ẹni tó ń ba igi yìí jẹ́, tú u fó." Múkáílà ní àmín látinú báàfù.

Iyọ̀! Igi tí ò fẹ́ràn iyọ̀ rárá ni píà. Gbòǹgbò á fà á sókè, ṣóńṣó ewé ló máa kó jọ sí, ibẹ̀ á sì jó. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò ni, omi ì bá ti wẹ̀ ẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún láńlọ́ọ̀dù, nígbà tí owó ilé ò tíì pé? Màmá Ṣadé lọ kúnlẹ̀: "Bàbá, mo lálàá, wọ́n ní kẹ́ ẹ má tutọ́ sídìí igi mọ́, àwọn ọ̀tá fẹ́ fi mú yín." Bàbá ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo ní ayé ni!"

A da omi rẹpẹtẹ sídìí ẹ̀ kí iyọ̀ lè wọlẹ̀ lọ. Èyí tó ti jó ò lè tutù mọ́, àmọ́ ewé tuntun tó yọ ń dán. Bàbá wá kó kọ́ọ̀bù wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, níbi tí Màmá Ṣadé gbin ewédú sí. Lánàá ni Màmá pè mí, ewé ewédú kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn wo etí ẹ̀.