Àyẹ̀wò ọdún mi: iṣẹ́ tí àlejò kì í rí ní mùsíọ́ọ̀mù

Ọyẹ́ ti dé sí Jos, ọdún ti fẹ́ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ni alábòójútó mùsíọ́ọ̀mù ń ṣe gan-an, inú yàrá ìkẹ́rùsí ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún yìí.

Ìgbà Igbo-Ukwu, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Anambra, ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ni mo yàn láàyò. Lọ́dún 1938, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi nínú ọgbà ilé rẹ̀, ló bá kan ohun èlò idẹ. Àwọn aládùúgbò kó nínú rẹ̀ lọ. Ìgbà tí Thurstan Shaw, òyìnbó onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ tó wà nínú ilẹ̀, dé ní 1959, tó ń wa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń kọ ibi tó ti bá ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, la tó mọ̀ pé wọ́n sin èèyàn pàtàkì kan ní ìjókòó nítòsí ibẹ̀ pẹ̀lú eyín erin, àti pé ìlẹ̀kẹ̀ ibẹ̀ lé ní 165,000. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan jiyàn: wọ́n ní irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ kò lè ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, torí wọ́n gbà pé òkèèrè ni ohun tí wọ́n fi ṣe é ti wá. Nígbà tí wọ́n yẹ òjé inú idẹ náà wò, wọ́n rí i pé ilẹ̀ Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti wà á. Inú mi ń dùn sí i títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ fi ká mi lára. Láti kọ nọ́ńbà sára àpáàdì, a ó fi Paraloid B-72, ohun kan bíi fáníìṣì tí kò ní àwọ̀, pa ojú kékeré kan níbi tí kò hàn. Tó bá gbẹ, a ó fi íǹkì kọ ọ́, a ó tún pa á lé e lórí. Acetone, irú omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, lè yọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àpáàdì ò ní bà jẹ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ IT wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀. Mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú àpáàdì, torí oúnjẹ tó jó mọ́ ọn ni wọ́n lè fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Màmá kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń tajà ní Jos kí wọ́n tó bí mi, wá wo ìkòkò wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti abẹ́ gíláàsì, wọ́n ní, “Ọmọ mi, èyí ti jókòó sórí ààrò rí o. Wo bí ìdí ẹ̀ ṣe dú.” Òótọ́ ni, kò sì sí nínú àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí.

Nígbà òjò, idẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í hu nǹkan aláwọ̀ ewé, ó kúnná bí ẹ̀lúbọ́. Ọ̀rinrin ló fà á. Àpò silica gel, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, la kó tì í.

Èyí tó dùn mí jù ni àpótí àpáàdì kan tí kò ní ìwé kankan nínú. Wọ́n rẹwà, wọ́n ní ìlà fínnífínní létí, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ abúlé tí wọ́n ti wà wọ́n. Ní January, màá gbé àwòrán wọn lọ bá àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò lágbègbè yìí. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ti bá àwọn tó ń wa ilẹ̀ torí ohun àtijọ́ ṣiṣẹ́ rí lápá Plateau tàbí Kaduna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́.