Hershey Bears, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tí kò kúrò nílùú rẹ̀

Nígbà tí Hershey Bears gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé nínú ìdíje kan ní oṣù Kínní ọdún 2025, èmi náà wà lára àwọn tó dìde ní Giant Center, pápá ìṣeré wọn ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a sì ń ju àwọn béárì onírun rírọ̀ tí ọmọdé fi ń ṣeré sórí yìnyín. Ó lé ní 102,000 tí wọ́n kà lọ́jọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ni wọ́n sì kó wọn fún. Omi bọ́ lójú mi.

Ẹgbẹ́ yìí kò sí ní líìgì àgbà. American Hockey League ni wọ́n ti ń ṣeré, láti ọdún 2005 ni wọ́n sì ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ eléré sọ́nà fún Washington Capitals, ẹgbẹ́ kan tó wà ní líìgì àgbà náà. Ọdún 1932 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú tí Milton Hershey kọ́ yí ilé iṣẹ́ ṣokoléètì rẹ̀ ká, Hershey B'ars sì ni orúkọ wọn nígbà náà, kí wọ́n tó di Bears ní 1936. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ líìgì náà ní 1938, wọn kò kúrò nílùú wọn rí. Èyí ló wú mi lórí jù, nítorí pé irú ẹgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ a máa ṣí láti ìlú dé ìlú nígbà tí owó bá tán. Nígbà tí wọ́n gba Calder Cup, ife ẹ̀yẹ líìgì wọn, ní 2024, ìkẹtàlá wọn nìyẹn, wọ́n sì ti gba ti 2023 ṣáájú rẹ̀.