Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ti omi ilé yín pa kí òtútù tó dé: ohun tí 2021 kọ́ mi ní Houston

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń gbé ibi tí òtútù ò ti sábà mú, ẹ kọ́kọ́ dìde kẹ́ ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ti omi ilé yín pa. Ẹ má sọ pé ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, àṣé ọkọ mi ń rò pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Houston ni mò ń gbé, ní Texas, ooru ni wọ́n mọ ibí mọ́. Ìjì àti àgbàrá la máa ń múra dè lọ́dọọdún, nígbà tí wọ́n wá ń kéde lórí tẹlifíṣọ̀n ní February 2021 pé òtútù ńlá kan ń bọ̀, mo lọ ra búrẹ́dì, mo ra mílíìkì, mo ra bátìrì, mo wálé mo jókòó, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò ronú kan omi rárá.

Òru ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, àwọn ìbejì mi ń yọ̀ lójú fèrèsé. Kó tó di aago 2 òru, iná lọ. Èmi tí ojú mi ti rí àìsí iná dáadáa, mo ní kí wọ́n lọ sùn, tó bá di àárọ̀ á ti dé. Àárọ̀ mọ́, kò dé, alẹ́ lẹ́, kò dé. Hítà wa gáàsì ló ń lò, torí náà mo rò pé kò sí wàhálà, àṣé fáànù tó ń fẹ́ ooru náà kiri ilé, iná ló ń lò, bí iná ṣe lọ báyìí hítà náà kú nìyẹn. Ẹ wo tiyín dáadáa o.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la tó gbọ́ ohun tó fà á. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná àti ibi tí gáàsì ti ń jáde, wọn ò dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ òtútù, wọ́n bá dì, ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn tan hítà. Iná Texas sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wà lọ́tọ̀, wáyà tó so ó pọ̀ mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká ò tó nǹkan, kò ríbi yá iná tó pọ̀. Wọ́n já iná ilé tó ju mílíọ̀nù 4 lọ kí gbogbo ẹ̀ má bàa wó lulẹ̀, wọ́n ní ìṣẹ́jú 4 àti díẹ̀ ló kù kó wó.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé gbogbo wa kó sí yàrá kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù. A fi tówẹ̀lì dí abẹ́ ìlẹ̀kùn, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, a wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta mẹ́rin lé ara wọn dípò ẹyọ kan tó nípọn. Ẹ máa fọwọ́ kan ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ o, tó bá ti tutù díẹ̀ báyìí, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíá.

Ọjọ́ Tuesday ló burú jù, ó wálẹ̀ dé nǹkan bíi 13 Fahrenheit, ìyẹn bíi -10 Celsius. Àwọn ọmọ ń sunkún, ọkọ mi wá gbé ààrò èédú tá a fi ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé, ó fẹ́ gbé e wọlé, mi ò sì dá a dúró torí òtútù ń pa èmi náà. Ọkùnrin kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, tó ti gbé Chicago, ìlú tí òtútù ti máa ń mú gan-an, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló rí i láti ojú ọ̀nà, ó sáré wá, ó ń pariwo pé ṣé ẹ fẹ́ pa àwọn ọmọ yìí ni. Mo máa ń rántí ohùn ẹ̀. Carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró tó ń jáde lára èédú tó ń jó àti ẹ́ńjìnnì, ò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, orí á kàn máa fọ́ yín, oorun á máa kùn yín, ó parí. Tí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde síta, bó ti wù kí òtútù mú tó. Mọ́tò nínú gáréèjì náà ńkọ́, kódà kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀, ẹ má tan án. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sílé tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Àwọn èèyàn kú ní Houston níbí lọ́nà yìí, nínú ilé ara wọn, torí wọ́n ń wá ooru. Èèyàn 246 ni ìjọba ìpínlẹ̀ kà pé ó bá gbogbo ẹ̀ lọ, òtútù gan-an ló pa èyí tó pọ̀ jù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi. Níbi tí òtútù kì í ti í mú, inú àjà ni wọ́n máa ń gba páìpù kọjá, kò sóhun tó bò ó. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀, á ti omi tó kù síwájú, tí ẹnu ẹ̀rọ bá wà ní pípa, kò ríbi gbà, páìpù á bẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká jẹ́ kó máa kán tótótó. Àmọ́ nígbà tí gbogbo ìlú ń ṣe bẹ́ẹ̀, omi ò lágbára mọ́, àwọn aláṣẹ ní ká dá a dúró, nígbà tó di ọjọ́ 17 wọ́n tún ní ká máa se omi ká tó mu ún, títí di ọjọ́ 21. Èyí tó dáa jù lójú tèmi ni kẹ́ ẹ ti omi pa láti ìta, kẹ́ ẹ pa ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, kẹ́ ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ kí páìpù gbẹ. Kẹ́ ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pọn omi mímu, kẹ́ ẹ bu omi kún ọpọ́n ìwẹ̀ fún tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbójú lé yìnyín, korobá kan ẹ̀ tó bá yọ́, ìsàlẹ̀ korobá ló máa kù sí.

Páìpù tó dì kì í jò o, ìgbà tó bá yọ́ ló máa ń jò. Ọjọ́ Thursday iná dé, a ń dúpẹ́, ilé ń móoru, mo bá gbọ́ tó, tó, tó lókè. Mo wòkè, mo rí àbàwọ́n kan tó tó àwo, kí n tó pe ọkọ mi ó ti tó àtẹ, sìlíǹgì ń wú bọ̀ nísàlẹ̀ bí ikùn. "Ìyá Ìbejì, níbo ni wọ́n ti ń pa á?" Mo ní, "Bàbá Ìbejì, mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n." Ó sáré jáde, ó ń fọwọ́ túlẹ̀ nínú koríko, èmi fa àwọn ọmọ kúrò ní pálọ̀, bá a ṣe kúrò níbẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ já lulẹ̀. Ọkùnrin Chicago yẹn náà ló tún mú sípánà wá, ó ṣí ìdérí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí mo ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá fún ọdún mẹ́rin.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó bá bà jẹ́ kẹ́ ẹ tó kó o dànù, ilé iṣẹ́ adójútòfò (insurance) á béèrè. Ẹ má sì wakọ̀, afárá ló kọ́kọ́ máa ń dì. Ní Fort Worth, ní Texas níbí náà, ọjọ́ 11 February 2021 yẹn, ọkọ̀ tó lé ní 130 ló kọlu ara wọn lórí yìnyín, èèyàn 6 ló kú.

December 2022, ó kù díẹ̀ kí Kérésì pé, òtútù náà tún dé. Sípánà ti wà lórí ìṣó lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kíṣìnnì. Ọkọ mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó yí i pa, a wọlé, a ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ títí omi fi gbẹ. Nígbà tí òtútù rọlẹ̀ tá a tún ṣí i díẹ̀díẹ̀, mo dúró ní pálọ̀ lábẹ́ sìlíǹgì tuntun, mo ní kí àwọn ọmọ dákẹ́, mo tẹ́tí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.