Bọ́ọ̀sì àsùnmọ́jú: bátìrì kejì ti ń gba iná

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá, gírísì ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn láìkọ èyí sílẹ̀. Bátìrì ẹ̀yìn, èyí tí mo fi kún bọ́ọ̀sì tí mò ń tún ṣe kí n lè máa sùn nínú rẹ̀, ti ń gba iná! Fóòtì 13.98 ni mítà kà lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Mo ti de àpótí bátìrì mọ́lẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Fíúsì wà nítòsí bátìrì méjèèjì. Fáànù àti iná ti ní wáyà tiwọn.

Relay ló fẹ́ gbẹ̀mí mi. Ẹ rántí pé òun ló ń so bátìrì méjèèjì pọ̀ tí fóòtì bá ti dé 13.3, tó sì ń tú wọn tó bá wálẹ̀ sí 12.8, kí fáànù má baà fa bátìrì iwájú, tí mo fi ń sítáàtì ọkọ̀, gbẹ lóru. Láti ọjọ́ Ẹtì, bí mo bá ti sítáàtì, á so, tá! Kò ní pẹ́, á tún tú, tá! So, tú, so, tú, bí ẹni ń fi èékánná ta agolo. Mo ní ó ti bàjẹ́, mo ra òmíràn: bákan náà. Mo fura sí alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fún bátìrì níná, àmọ́ 14.2 ló ń gbé jáde, kò yẹ̀.

Mo wá fi ọ̀bẹ họ wáyà tí mo kọ́kọ́ rà. Lókè, ó pọ́n bíi bàbà. Lábẹ́, funfun báláú! Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Inú bí mi gan-an, torí owó bàbà ni mo san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé orí wáyà lójú ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó. Bàbà gidi á pọ́n dénú. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí bàbà 16 mm², tá-tá náà kò dákẹ́.

Lánàá ni mo wa ọkọ̀ lọ bá bàbá ríwáyà kan ní Pánsẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta níbí. Bàbá ò béèrè mítà. Wọ́n ní kí n sítáàtì, wọ́n dúró títí relay fi so, wọ́n fi ìka kan bóòtì tí mo so ẹ́ẹ̀tì (wáyà nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ẹ̀yìn) mọ́ lára ọkọ̀, wọ́n sì yára fà á sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, wá fọwọ́ kàn án."

Ó gbóná bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ̀yin bàbá, mo mà dì í pinpin o."

"O dì í lórí ọ̀dà. Iná kì í gba orí ọ̀dà kọjá."

Mo délé, mo fi ẹsẹ̀ mítà kan sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ẹ̀yìn, ìkejì sí ti iwájú. Kí relay tó so: òfo. Bó ṣe so báyìí: 1.6! Ìgbà yẹn ló yé mi. Bóòtì yẹn kan náà ni mo so wáyà dúdú relay, èyí tó fi ń wọn fóòtì, mọ́. Yọ 1.6 nínú 14.2, ó ku 12.6, ni relay bá rò pé ẹ́ńjìnnì ti kú, ó tú. Tó bá tú, iná ò gba bóòtì kọjá mọ́, ó tún rí 14.2, ó tún so. Relay ò ṣẹ̀ rárá, ohun tí mo fi hàn án ló ń rí.

Lónìí mo tú bóòtì náà. Ọ̀dà funfun ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ digbí, òrùka dúdú kan yí ihò ká bí ibi tí sìgá jó. Mo fi sáńpépà họ ọ́ títí irin fi ń dán, mo dì í, mo fi gírísì bo òkè rẹ̀ nítorí òjò. Mo gbé wáyà dúdú relay lọ sórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì iwájú. 1.6 ti di 0.07.

Mo ní Sátidé ni màá gbé sólà sórí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo rántí pé orí ọ̀dà ni mo so ẹ́ẹ̀tì fáànù àti ti iná mọ́ náà. Sólà á dúró. Màá tú gbogbo wọn, màá kó wọn sórí irin idẹ kan, kí wáyà nẹ́gẹ́tíìfù kan ṣoṣo ti ibẹ̀ lọ tààrà sí bátìrì iwájú. Ìrìn tí mo fẹ́ fi bọ́ọ̀sì yìí rìn lọ sí Ìkògòsì, ní Èkìtì, ò yẹ̀: fáànù ń jẹ amp kan àtààbọ̀, oru wákàtí 10 á jẹ amp-wákàtí 15 nínú 100 tí bátìrì ẹ̀yìn ń gbà, mi ò sì fẹ́ kó kọjá ìdajì. Oru mẹ́ta gbáko nìyẹn kí n tó tún tan ẹ́ńjìnnì.

Lọ́la mò ń lọ ra wáyà mítà márùn-ún sí i ní Kútọ̀. Ọ̀bẹ ti wà nínú àpò mi.