Ẹ Má Jẹ́ Kí Kámẹ́rà Yín Rẹ́rìn-ín

Fídíò àkọ́kọ́ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi yà, Màámi ni mo kọ́kọ́ fi hàn. Wọ́n jókòó ní ìsọ̀ wọn ní Ìtòkú, wọ́n ń ká àdìrẹ jọ. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó tán, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní, "Kí ló já bọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn?"

Gèlè ló já bọ́. Gèlè yẹn gan-an sì ni gbogbo àwàdà náà.

Ìtàn rẹ̀ ò le rárá. Ayálégbé kan jẹ owó ilé oṣù mẹ́jọ. Ó gbọ́ ohùn láńlọ́ọ̀dù lẹ́nu géètì, ló bá sáré ró ìró ìyàwó rẹ̀, ó wé gèlè, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló ti oko dé. Láńlọ́ọ̀dù rí àgbàlagbà obìnrin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ibi tó ti ń béèrè àlàáfíà ará oko ni gèlè ti já sílẹ̀. Àgbàlá wa ní Ìtòkò la ti yà á, àwa mẹ́rin péré. Ẹnì kan ṣe láńlọ́ọ̀dù, ẹnì kan ṣe ayálégbé, ẹnì kan ń bẹ àwọn ọmọdé kí wọ́n dákẹ́, èmi ni mo di fóònù mú.

Mo wo fídíò yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi tí mo mọ̀ pé gèlè fẹ́ já, inú mi ti ń rẹ́rìn-ín kó tó já. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo súùmù lọ sójú ayálégbé. Láńlọ́ọ̀dù bá jáde kúrò nínú àwòrán, gèlè gba ìsàlẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni ò rí i. Bẹ́ẹ̀, ohun tí à bá torí ẹ̀ rẹ́rìn-ín ni ojú láńlọ́ọ̀dù, tó wà ní ìdọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, tó ń wo orí kòdoro níbi tó yẹ kí irun funfun ìyá àgbà wà. Ojú yẹn ni mo gé dànù.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ pé kámẹ́rà ò gbọdọ̀ ṣáájú òǹwòran rẹ́rìn-ín. Gbogbo súùmù òjijì, gbogbo sísáré yí fóònù síbí sọ́hùn-ún, ẹ̀rín oníkámẹ́rà ni. Ó dà bí ẹni tó ń pa àlọ́ tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún yín níhà pé, "Ó ti dé o, ó ti dé o." Ta ló máa rẹ́rìn-ín sí ìyẹn mọ́?

Àwa Yorùbá kọ́ ló yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ṣàjèjì sí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tó kú ní 2018, ara aṣọ rẹ̀ ni ẹ̀rín ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó la ẹnu: awò ojú gbàǹgbà, táì labalábá ràgàjì. Ká ní ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yà ni, ìdajì àwàdà ọ̀hún ì bá ti sọnù. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó sún mọ́ èèyàn, ẹ bi ara yín pé ibo lára rẹ̀ ni ẹ̀rín wà.

A tún un yà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. A ò ní tripod, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Mo da odó délẹ̀, mo gbé búlọ́ọ̀kù lé ìdí rẹ̀, mo fi aṣọ wé bíríkì kan kí fóònù lè fara tì í. Mo jìnnà tó ẹsẹ̀ mẹ́fà sí wọn. Ibi gíga tí kámẹ́rà wà ṣe pàtàkì: tó bá wà ní ìwọ̀n ojú ẹni tó dúró, láńlọ́ọ̀dù tó dọ̀bálẹ̀ á wá rí bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n orúnkún ẹni tó jókòó ni mo gbé e sí, àwọn méjèèjì wọlé látorí dé ẹsẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Gèlè já. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Láńlọ́ọ̀dù wo gèlè nílẹ̀, ó wo orí, ó tún wo gèlè. Ó wá ṣà á, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i: "Gèlè yín rèé, mà." A ò kọ ìyẹn síbì kankan. Òun ló rò ó lójú ẹsẹ̀ torí kò sí kámẹ́rà tó ń lé e kiri. Nígbà tí Màámi wo èyí, àwọn oníbàárà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló dé.

Ẹ̀yìn tí a bá ti ya gbogbo rẹ̀ láti òkèèrè ni mo máa ń sún mọ́ wọn. Wọ́n á tún eré náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo á ya ojú ẹnì kan; wọ́n á tún un ṣe, mo á ya ti ẹnì kejì. Mo máa ń jẹ́ kí kámẹ́rà ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, torí ibẹ̀ lẹni tó ń ẹ́dìtì ti máa ń rí ibi gé. Ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sì ni kí ẹ yà jù, kì í ṣe ti ẹni tó ń sọ ọ́. Irọ́ ayálégbé kì í dùn tó ojú ẹni tó ń gbà á gbọ́.

Níbí ni mo ti tún ṣìnà. Mo rí i pé oòrùn dáa níhà kànga, mo gbé fóònù lọ síbẹ̀. Nígbà tí a so àwòrán pọ̀, àwọn méjèèjì ń wo apá ọ̀tún! Bí ẹni pé ẹnì kẹta ni wọ́n jọ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó, ìlà kan wà láàárín ẹni méjì tó kọjú síra; ẹ̀gbẹ́ kan ìlà yẹn ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Okùn tí Màámi fi ń sá aṣọ ló gbà mí. Abẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo máa ń to àwọn òṣèré sí báyìí, èmi ò sì ní kọjá okùn.

Iná ńkọ́? Ọ̀sán gangan l'Abẹ́òkúta kì í ṣe àkókò fídíò. Oòrùn á dúró sórí yín, ihò ojú gbogbo èèyàn á dúdú bí ẹni tí ò sùn. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, tàbí lẹ́yìn márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ló dáa. Bó bá di dandan lọ́sàn-án, ẹ wá òjìji ògiri, ẹ má lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ewé wọlé á sọ ojú èèyàn di àdìrẹ. Nínú ilé, mo máa ń fi tẹ́rù, aṣọ funfun tí wọn ò tíì pa láró, bo fèrèsé tí oòrùn bá le. Mo á ní kí ẹnì kan tún di òmíràn mú níhà tó ṣókùnkùn kí ìmọ́lẹ̀ lè padà sójú òṣèré.

Fóònù náà ní ìwà tirẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù wa wọ bùbá funfun wọlé, lójijì ayálégbé di èédú, torí fóònù rí funfun, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ojú òṣèré lórí fóònù kí ẹ má sì tètè gbé e kúrò, títí yóò fi tì í pa. Lórí iPhone, AE/AF Lock ni ẹ máa rí, ìyẹn ni pé ó ti ti ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì pa. Bí ẹ bá sì ń rí ìlà dúdú tó ń gun òkè nínú àwòrán lábẹ́ gílóòbù, ẹ má lọ ra fóònù tuntun. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù mìíràn á sì máa ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi fréèmù, iye àwòrán tí kámẹ́rà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sí 25; ẹ fi shutter, àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/50, ìlà yẹn á lọ. Bí kámẹ́rà fóònù yín ò bá gbà kí ẹ yí i, ẹ wo áàpù Open Camera fún Android. Blackmagic Camera náà wà, ó dé iPhone ní 2023 àti àwọn Android kan ní 2024. Ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì.

Ẹ nu ojú kámẹ́rà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohùn ló ń ba fídíò jẹ́ ju àwòrán lọ. Fóònù kejì ni máìkì wa: a máa ń fi sápò àyà òṣèré, a tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn, ẹnì kan á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà. Tí a bá fẹ́ ẹ́dìtì, a ó mú ìró àtẹ́wọ́ yẹn bá ibi tí ọwọ́ ti pàdé. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, a máa ń jókòó dúró dè é ni. Kò sí ohun tí ẹ lè fi yọ ọ́ tán.

Ohun kan ṣoṣo tí mo kìlọ̀: ẹ má ṣe eré olè láàárín ọjà. A dán an wò ní Kútọ̀. Ẹni tó ṣe olè nínú wa sáré dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lé e kì í ṣe òṣèré.

Ní báyìí, tí gèlè bá fẹ́ já, mo máa ń fi eyín di etí aṣọ mú kí n má baà rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo he lára okùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò tíì fọ̀ ọ́ tán. Aró kun ètè mi bí ẹni tó mu yíǹkì. Láńlọ́ọ̀dù gbé orí sókè nínú ìdọ̀bálẹ̀, ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín, a sì tún gbogbo ẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀.