Ohun tí fíìmù kì í fi hàn wá: ẹ yí i padà ní wákàtí méjì-méjì

Ẹ̀yin tí jàǹbá ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn yín lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, tí kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára mọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nínú fíìmù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á sunkún díẹ̀, orin á bẹ̀rẹ̀, kí orin tó parí ó ti di irin mú, ó ti ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Inú máa ń bí mi sí ìran yẹn. Àsìkò tí wọ́n fi orin bò mọ́lẹ̀ yẹn gan-an ni egbò ìdùbúlẹ̀, egbò tí dídùbúlẹ̀ lójú kan ń fà, máa ń yọjú. Ti àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiná ni, ẹ̀kọ́ tí mo sì kọ́ nìyí: ẹ yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru.

Bí ara bá ń ro ẹni tí ara rẹ̀ le, á yíra padà lójú oorun láìmọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan lára kò ní yíra. Eegun á tẹ ẹran mọ́ fóòmù, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá, ẹran ibẹ̀ á sì kú. Òkè ìdí, ìgbáròkó, gìgísẹ̀, kókósẹ̀ àti èjìká ni kí ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ má wulẹ̀ retí pé kó pọ́n. Ibi tó bá dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbóná, tó le tàbí tó rọ̀ jù, kó má sùn lé e mọ́ títí yóò fi padà sípò. Ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹran abẹ́ rẹ̀ lẹ máa fọ́. Bí iná ò bá sí tó ń làágùn, tàbí tí ìtọ̀ rin ín, awọ á tètè bó.

Bó bá ti wá là, ojú egbò lè kéré lókè, kí inú rẹ̀ jìn dé eegun. Aláìsàn kò ní mọ̀ ọ́n lára. Òórùn ló máa kọ́kọ́ sọ fún un, àti ojú àwọn tó wá kí i tí wọ́n ń rọra bo imú. Ó ń rí wọn. Mi ò mọ ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Ẹran tó ti dúdú, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kó gé e. Ẹ má da sípíríìtì sí i, ẹ má fi ewé lílọ̀ dí i. Bí ibà àti òtútù bá dé, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, nítorí kòkòrò ojú egbò lè wọnú ẹ̀jẹ̀ kó sì pa á. Kó máa jẹ ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja dáadáa.

Èèyàn méjì ló ń yí i: ẹ ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e, ẹ má wọ́ ọ. Kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, kó má dùbúlẹ̀ lórí ìgbáròkó gan-an. Ìrọ̀rí kan sẹ́yìn, ọ̀kan sáàárín orúnkún, ọ̀kan sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan fóòmù. Ẹ má fi rọ́bà táyà oníhò sábẹ́ ìdí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń dí. Tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, kó máa gbé ìdí sókè tàbí kó tẹ̀ síwájú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 30.

Àwọn kan á ní mò ń dẹ́rù bà wọ́n, pé àdúrà ló kù. Àwa náà ń gbàdúrà, a sì ń yí i.

Bí wọ́n bá fi rọ́bà fa ìtọ̀ rẹ̀ sínú àpò, àpò náà kó máa wà nísàlẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, rọ́bà rẹ̀ kó má ká. Bó bá jẹ́ níbi ọrùn tàbí òkè àyà ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣeṣe, tí orí fọ́ ọ lójijì tó ń làágùn lójú, ẹ gbé e jókòó, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ wo rọ́bà ìtọ̀ náà bóyá ó ká. Bí kò bá rọlẹ̀ kíá, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, á kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa na oríkèé rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ yí i padà níṣojú nọ́ọ̀sì. Kí ẹ sì ti pín òru: ta ló ni aago méjìlá, ta ló ni aago méjì, ta ló ni aago mẹ́rin. Ẹ kọ orúkọ wọn sára ògiri.