Ọ̀gágun Moncey lẹ́nu bodè Clichy

Ọjọ́rú, alẹ́

Àwòrán kan ni mo ń wò láti ìrọ̀lẹ́. Horace Vernet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló yà á ní ọdún 1820. Ilé ọnà Louvre ní Paris ló wà. Mo ń fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1814 ló yà. Ogun Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria ti dé ẹ̀yìn odi Paris, Napoleon, olú-ọba Faransé, kò sì sí nílé. Ní bodè Clichy, níbi tí wọ́n ti ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà wọ̀lú, Ọ̀gágun Moncey, ẹni ọdún 59, wà lórí ẹṣin, ó ń mú àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kàn le.

Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe jagunjagun rárá. Ẹ̀ṣọ́ Ìlú ni wọ́n, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti ṣọ́ọ̀bù gbé ìbọn. Odiot tí Moncey ń pàṣẹ fún, alágbẹ̀dẹ fàdákà àti wúrà ni, òun ló ń rọ àwo fún ààfin Napoleon. Òun náà ló wá gbé iṣẹ́ àwòrán yìí fún Vernet. Vernet kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni: ó wà lára àwọn tó jà níbẹ̀.

Níwájú, obìnrin kan jókòó ti ẹrù rẹ̀, ó gbé ọmọ mọ́ra, tòun ti ewúrẹ́. Ogun ló lé e wọ̀lú. Ó dùn mọ́ mi pé Vernet kò fi í pamọ́ sẹ́yìn ẹṣin ọ̀gágun.

Paris bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀tá lọ́jọ́ kejì. Kí oṣù Kẹrin tó parí, Napoleon ti kúrò lórí ìtẹ́. Nígbà tó di 1822, wọn kò gba àwòrán náà síbi àfihàn Salon, torí ìdílé ọba Bourbon ti padà sórí oyè. Vernet bá pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ sí yàrá ìyàwòrán tirẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún aráàlú.

Ṣùgbọ́n Moncey fúnra rẹ̀ ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ní 1815, ọba ní kó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò dájọ́ Ọ̀gágun Ney, tí wọ́n jọ jagun lábẹ́ Napoleon. Ó kọ̀. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta ní ilé olódi Ham. Mo gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò purọ́ fún Odiot nígbà tó ń mú wọn lọ́kàn le lórí ẹṣin yẹn.